Kí Ẹ Tó Kọ Físíótẹ́rápì Sínú Fọ́ọ̀mù JAMB

Ní Èkó, ẹni tó ń na ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ní Onikan, "físíò" ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ń fi òróró wọ́ èèyàn lára ní Ikoyi, físíò náà ni. Ẹni tó ń kọ́ èèyàn ní eré ìdárayá nínú jíìmù ní Lekki, wọ́n á ní físíò ni. Orúkọ kan tí wọ́n fi ń pe gbogbo wọn yìí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́nà, torí òfin Nàìjíríà kò pe gbogbo wọn bẹ́ẹ̀. Físíótẹ́rápì ni ìtọ́jú tó ń fi ọwọ́ àti ìdárayá mú ara aláìsàn padà bọ̀ sípò, ẹni tí MRTB bá sì fún ní ìwé àṣẹ rẹ̀ nìkan ni físíò lójú òfin. MRTB ni ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 1988 gbé kalẹ̀ láti máa forúkọ àwọn tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ kí ara rẹ̀ lè padà ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn físíò wà níbẹ̀, àwọn tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣe ẹsẹ̀ àti ọwọ́ àtọwọ́dá náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìrònú yín. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ìwé àṣẹ wo lọ́mọ yìí máa mú jáde, irú iṣẹ́ wo ni ìwé náà sì máa jẹ́ kó ṣe? Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ béèrè ilé ìwé tó lè fún un ní ìwé náà, ilé ìwòsàn tó wà lẹ́yìn ilé ìwé ọ̀hún, àti máàkì tó máa gbé e débẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ilé ìwé lè lo ọdún mẹ́rin kó tó mọ̀ pé kọ́ọ̀sì mìíràn lòun wọlé sí.

Kọ́ọ̀sì mẹ́ta tí wọ́n ń pa pọ̀

Físíótẹ́rápì, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ọdún márùn-ún ni nílé ìwé fún ẹni tó bá gba JAMB wọlé. Àwọn yunifásítì kan sì ti ń sọ ọ́ di ọlọ́dún mẹ́fà, oyè DPT, ìyẹn dókítà físíótẹ́rápì, ni wọ́n ń pe èyí. Bí ọmọ bá ti ṣe tán, yóò lo ọdún kan nílé ìwòsàn lábẹ́ àwọn àgbà iṣẹ́, ohun tí gbogbo ayé ń pè ní íńtánṣíìpù. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa lọ sìnrú ìlú. Ọdún méje ni gbogbo rẹ̀ bí ohunkóhun kò bá dí i lọ́wọ́, ó sì di mẹ́jọ fún ẹni tó bá ń ṣe DPT. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ èyí kó tó bẹ̀rẹ̀.

Human Kinetics, ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú eré ìdárayá, yàtọ̀. Ní UNILAG, Akoka ló wà, lábẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. LASU ní Ojo náà ní irú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó dára ni fún ẹni tó fẹ́ di kóòṣì, olùkọ́ eré ìdárayá nílé ìwé, alábòójútó eré ìdárayá, tàbí ẹni tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ nínú jíìmù. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ gba ìwé àṣẹ físíò. Ìròyìn kan wà tí àwọn ọmọ ń gbé kiri pé èèyàn lè gba Human Kinetics wọlé, kó sì sọdá sí Físíótẹ́rápì lọ́dún kejì. Ẹ má gbára lé e. Àyè inú Físíótẹ́rápì níye, MRTB ló ń sọ iye ọmọ tí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan lè gbà, àyè náà kì í sì í tó àwọn tó fẹ́ gba ọ̀nà tààrà wọlé pàápàá.

Ìkẹta ni ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní athletic training. Èyí kì í ṣe ẹni tó ń kọ́ni ní jíìmù. Òṣìṣẹ́ ìlera ni, òun ló ń dúró ti ẹgbẹ́ eléré ìdárayá láti àárọ̀ dalẹ́. Kò jẹ́ kí wọ́n farapa, òun ló ń kọ́kọ́ tọ́jú ẹni tó bá ṣubú, òun ló sì ń mú un padà sórí pápá. Ní Amẹ́ríkà, ó ní ìdánwò tirẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní BOC, CAATE sì ni ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ilé ìwé tó ń kọ́ ọ. Láti ọdún 2022, oyè máṣítà nìkan ni èèyàn fi ń wọ iṣẹ́ náà níbẹ̀. Nàìjíríà kò ní ìwé àṣẹ tó dá dúró fún un. Físíò tó bá fi kún ẹ̀kọ́ rẹ̀ lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù níbí. Bí ọmọ yín bá ti pinnu pé Amẹ́ríkà ni òun máa ti ṣe é, ohun tó yẹ kó ṣe níbí ni oyè àkọ́kọ́ tó ní bàọ́lọ́jì, kẹ́místírì, físíìsì, sàíkọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ ẹ̀yà ara àti ẹ̀kọ́ bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú, torí àwọn ni ilé ìwé máṣítà níbẹ̀ máa wò kí wọ́n tó gbà á.

Ẹ wá ìfọwọ́sí méjì lọ́wọ́ ilé ìwé

Ilé ìwé tó bá máa kọ́ Físíótẹ́rápì gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí NUC, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń bójú tó yunifásítì, àti ìfọwọ́sí MRTB. Ọ̀kan kò lè dúró fún èkejì. NUC ń yẹ kọ́ọ̀sì wò, ó sì ń fún un ní ọ̀kan nínú ìdájọ́ mẹ́ta: àṣẹ kíkún tó ń lo ọdún márùn-ún, àṣẹ ìgbà díẹ̀ tó ń lo ọdún méjì, tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́. Kọ́ọ̀sì tó bá gba máàkì 70 nínú ọgọ́rùn-ún sókè ló ń gba àṣẹ kíkún. Bí ẹ bá gbọ́ pé "a ní NUC," ẹ má dúró níbẹ̀. Ẹ béèrè irú àṣẹ tí wọ́n ní àti ọdún tí wọ́n gbà á. Àṣẹ ìgbà díẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́dún tó kọjá lè tán kí ọmọ yín tó kúrò ní ọdún kejì.

Ti MRTB le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí òun ló ń fún ọmọ níwèé àṣẹ. Ẹ bi ilé ìwé léèrè pé: ọmọ mélòó ni MRTB gbà wọ́n láàyè láti máa gbà lọ́dún? Ìgbà wo ni wọ́n ń fi orúkọ ọmọ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ náà? Ìgbà wo ni wọ́n ṣe ìbúra fún àwọn tó jáde kẹ́yìn? Ìbúra yìí ni ayẹyẹ tí MRTB máa ń ṣe fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ilé ìwé tó ti ń gba ọmọ wọlé láti ọdún mẹ́fà, tí kò sì tíì ṣe ìbúra kankan, ẹ bi í ní ìdí rẹ̀, kí ẹ sì má kúrò níbẹ̀ títí tí wọ́n á fi dá yín lóhùn tó yé yín. Ilé ìwé míì máa ń gba ọgọ́rin ọmọ lórí àyè tí kò tó ìdajì rẹ̀. Àwọn tó bá lé lórí iye náà á parí ẹ̀kọ́ wọn, orúkọ wọn kò sì ní sí níbì kankan.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn ilé ìwé kéékèèké tó ń ta "dípúlómà físíótẹ́rápì" olóṣù mẹ́fà tàbí ọdún méjì. Bí wọ́n ṣe ń wọ́ ara èèyàn ni wọ́n lè kọ́ yín níbẹ̀. MRTB kì í fi dípúlómà bẹ́ẹ̀ forúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Àwọn ilé ìwé ìjọba tí ọmọ Èkó sábà máa ń wò rèé: UNILAG, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn rẹ̀ wà ní Idi-Araba, Ìbàdàn, níbi tí oyè yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 1966, àti OAU ní Ilé-Ifẹ̀, tí ẹ̀ka náà ń jẹ́ Medical Rehabilitation. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín, Físíótẹ́rápì wà nínú rẹ̀. UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ní Oǹdó, náà ń kọ́ ọ. Lókè ọya àti ní ilẹ̀ Ìgbò, Bayero ní Kano, Maiduguri, Nsukka ní kámpọ́ọ̀sì Enugu, àti Nnamdi Azikiwe ní kámpọ́ọ̀sì Nnewi ni wọ́n ti ń kọ́ ọ.

Ilé ìwòsàn tó wà lẹ́yìn ilé ìwé

Ibi tí ó yẹ kí ẹ ti lo àkókò yín jù nìyí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òbí kì í dé rárá. Kò sẹ́ni tó lè kọ́ físíótẹ́rápì tán nínú kíláàsì. Ọdún kìíní ni kẹ́místírì, físíìsì àti bàọ́lọ́jì. Ọdún kejì ni ẹ̀yà ara, bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ohun tó ń lọ nínú ẹ̀jẹ̀ àti iṣan. Ìdánwò ọdún kejì yìí ló máa ń yọ ọmọ kúrò jù lọ. Máàkì 50 ni wọ́n sábà fi ń yege, ẹni tí kò bá sì yege lẹ́yìn àtúnṣe lè pàdánù kọ́ọ̀sì náà. Láti ọdún kẹta, ọwọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ máa kan aláìsàn lójoojúmọ́, lábẹ́ ojú ẹni tó mọ iṣẹ́.

Àǹfààní UNILAG fara hàn níbí. Akoka ni ọmọ máa lo ọdún kìíní sí, lẹ́yìn náà ló máa kó lọ sí Idi-Araba, níbi tí LUTH, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ UNILAG, àti kọ́lẹ́ẹ̀jì wà nínú ọgbà kan náà. Ọmọ á jáde ní kíláàsì láago mẹ́wàá, á wà ní wọ́ọ̀dù láago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ fi èyí wé ilé ìwé tí ilé ìwòsàn rẹ̀ wà ní ìlú mìíràn. Bowen, fún àpẹẹrẹ, Ìwó ló wà, Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹn kò burú, bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ tí ẹ sì ti ṣe ètò ilé gbígbé àti owó ọkọ̀ rẹ̀. Ohun tó burú ni ilé ìwé tó ní "a ń lò ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí," tí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ sì rí i pé físíò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọjọ́ méjì ló sì ń wá lọ́sẹ̀.

Ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀, láàárín Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, láago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí ọ̀sán. Ẹ má lọ lọ́jọ́ ayẹyẹ àbẹ̀wò tí ilé ìwé fúnra rẹ̀ ṣètò, torí gbogbo ẹ̀rọ ló máa ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Tó bá jẹ́ Erékùṣù Èkó lẹ ti ń bọ̀, ẹ wọ ọkọ̀ ní CMS tó ń gba Costain lọ sí Ojuelegba, ẹ óò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìṣeré Surulere, ẹ óò sì wọ ọkọ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ láti Ojuelegba dé Idi-Araba. Bí ẹ bá ti débẹ̀, ẹ gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń bójú tó ẹ̀ka físíótẹ́rápì, kí ẹ sì wo nǹkan wọ̀nyí.

Ẹ ka àwọn bẹ́ẹ̀dì ìtọ́jú tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì ka ọmọ ilé ìwé tó yí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan ká. Bí wọ́n bá ju mẹ́fà lọ, àwọn méjì tó wà níwájú ló ń fọwọ́ kan aláìsàn, àwọn yòókù ń wo ẹ̀yìn wọn ni. Ẹ wo irin méjì tí àwọn tó ní rọpárọsẹ̀ máa ń dì mú rìn, ṣé ó wà, ṣé ó dúró dáadáa? Ẹ béèrè góníómítà, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn bí oríkèé ṣe ń tẹ̀ tó. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ilé ìwé tí kò bá lè fi mẹ́wàá rẹ̀ hàn yín, ọmọ rẹ̀ kì í wọn nǹkan, ojú ni wọ́n fi ń díwọ̀n. Ẹ béèrè pé bí NEPA bá mú iná lọ, ṣé ẹ̀rọ TENS tó ń fi iná díẹ̀ dín ìrora kù àti ultrasound tó ń fi ìró tọ́jú iṣan ṣì ń ṣiṣẹ́? Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè iye ọmọ tó ń kọ́ ẹ̀yà ara lára òkú kan. Bí wọ́n bá ní ọgbọ̀n, inú ìwé lọ́mọ yín máa ti mọ iṣan, kò ní mọ̀ ọ́n lára èèyàn.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni irú aláìsàn tí ọmọ máa bá pàdé. Bí ilé ìwòsàn bá ní ẹ̀ka eegun nìkan, ọmọ yóò mọ orúnkún àti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n yóò bẹ̀rù ẹni tó ní rọpárọsẹ̀. Bí kò bá ní yàrá ìtọ́jú àwọn tó wà láàárín ikú àti ìyè, ọmọ kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń gbọn àyà aláìsàn kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lè jáde lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Bí kò bá ní ẹ̀ka ọmọdé, kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ farapa nígbà ìbí láti gbé orí dúró. Ẹ béèrè ètò ìyípo wọn, ọ̀sẹ̀ mélòó ní ẹ̀ka wo, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ìwé rẹ̀ hàn yín. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ń rán ọmọ lọ sí Igbobi, ilé ìwòsàn eegun tó wà ní Ikorodu Road. Kò sí ibi tó dára jù ú lọ ní Èkó láti mọ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ àti ẹni tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní 1945, nígbà tí àwọn físíò méjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá tọ́jú àwọn sójà tó farapa nínú Ogun Àgbáyé Kejì.

Kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ sì lọ jókòó wo iṣẹ́ yìí fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó kọ JAMB. Ilé ìwòsàn ìjọba, kì í ṣe ti olówó ní Victoria Island, níbi tí aláìsàn mẹ́rin ń wá lóòjọ́. Kó rí bí wọ́n ṣe ń yí bàbá oníkílò 90 padà lórí bẹ́ẹ̀dì, kó gbọ́ òórùn ojú egbò, kó rí ìyá tó ti ń gbé ọmọ rẹ̀ wá láti oṣù mẹ́jọ tí ọmọ kò sì tíì jókòó. Ọmọ tó bá ṣì fẹ́ iṣẹ́ náà lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, ẹ ràn án lọ́wọ́ tọkàntọkàn. Tí kò bá fẹ́ ẹ mọ́, Human Kinetics tàbí iṣẹ́ kóòṣì lè jẹ́ ibi tó yẹ ẹ́ gan-an, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Ìṣirò máàkì

Nínú JAMB, ẹ mú Gẹ̀ẹ́sì, bàọ́lọ́jì, kẹ́místírì àti físíìsì. Nínú WAEC tàbí NECO, ọmọ gbọ́dọ̀ ní krẹ́díìtì márùn-ún: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, bàọ́lọ́jì, kẹ́místírì, físíìsì. Agricultural Science kò lè rọ́pò bàọ́lọ́jì. Ẹ wo IBASS, ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti mọ̀ bóyá ilé ìwé tí ẹ fẹ́ ń gba ìjókòó ìdánwò kan tàbí méjì. Ọmọ sì gbọ́dọ̀ pé ọmọ ọdún 16 kí wọ́n tó lè gbà á.

Ẹ fi ilé ìwé tí ẹ fẹ́ gan-an ṣe àkọ́kọ́ nínú fọ́ọ̀mù. UNILAG kì í pe ẹni tó fi í ṣe ìkejì wá sí Post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB, àwọn ilé ìwé ìjọba àpapọ̀ míì tó gbajúmọ̀ náà kì í sábà wò ó.

Bí UNILAG ṣe ń ṣe ìṣirò rẹ̀ nìyí. JAMB ní 50 nínú ọgọ́rùn-ún, Post-UTME ní 30, WAEC ní 20. Ẹ fi 8 pín máàkì JAMB. Ní ti WAEC, A1 jẹ́ 4, B2 jẹ́ 3.6, B3 jẹ́ 3.2, C4 jẹ́ 2.8, C5 jẹ́ 2.4, C6 jẹ́ 2. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kan tó gba 280 ní JAMB: 280 pín sí 8 jẹ́ 35. Ó gba 22 ní Post-UTME. WAEC rẹ̀: bàọ́lọ́jì A1, ìṣirò B2, Gẹ̀ẹ́sì B3, kẹ́místírì B3, físíìsì C4. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 16.8. Gbogbo rẹ̀ wá di 73.8. Ẹ wo máàkì tí ilé ìwé fi gba ọmọ lọ́dún tó kọjá fún Físíótẹ́rápì, kí ẹ fi í wé tiyín, kí ẹ sì gbé ojú yín sókè díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó máa ń ga sí i bí ọmọ bá pọ̀.

Nǹkan kan wà nínú ìṣirò yìí tí ọ̀pọ̀ kì í rí. Máàkì kan ṣoṣo nínú àròpọ̀ jẹ́ máàkì mẹ́jọ ní JAMB. Àmọ́ bí ọmọ bá sọ C6 kan di A1 nínú WAEC, máàkì méjì ló fi kún un, ìyẹn sì dọ́gba pẹ̀lú máàkì mẹ́rìndínlógún ní JAMB. Ọmọ tó ní C6 méjì nínú WAEC tó sì ń lo gbogbo ọdún lórí JAMB nìkan ń gbin iṣu sórí àpáta. Kó tún WAEC kọ, tó bá jẹ́ pé ilé ìwé tó fẹ́ gba èsì tuntun náà láìdà á pọ̀ mọ́ ti àtijọ́.

Ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti wá náà ní ipa. Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì ni UNILAG kà sí àdúgbò rẹ̀. Ọmọ tó bá jẹ́ ti ibòmíràn, máàkì tí wọ́n fi ń gba ọmọ láìwo ìpínlẹ̀ ló máa fi wọlé, àfi tó bá wá láti ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà mọ́ àwọn tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ tó.

Lẹ́yìn tí orúkọ bá jáde, ẹ máa wo CAPS, ojú òpó JAMB tí wọ́n fi ń gba ọmọ sí ilé ìwé, lójoojúmọ́. Nígbà míì ilé ìwé á yí ọmọ sí kọ́ọ̀sì mìíràn, JAMB á sì béèrè bóyá ẹ gbà. Ẹni tó bá ti tẹ "mo gbà" láìkà á dáadáa lè rí i pé òun ti fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì tí òun kò mọ̀. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ nǹkankan.

Owó àti ọ̀nà

Ilé ìwé ìjọba ò wọ́n tó ti aládàáni, ṣùgbọ́n ìyanṣẹ́lódì lè fà á gùn. Ti ọdún 2022 gba oṣù mẹ́jọ. Ẹ fi ọdún kan kún ètò yín. NELFUND ń yá ọmọ ilé ìwé ìjọba lówó láìsí èlé, ó sì lè fún un ní ₦20,000 lóṣù fún oúnjẹ àti ọkọ̀. Ọmọ ilé ìwé aládàáni kò lè gbà á. Láti ọdún kẹta, kí ọmọ má gbé Ajah kó máa lọ sí Idi-Araba lójoojúmọ́. Wọ́ọ̀dù kì í dúró dè é, ọmọ tó bá sì pẹ́ dé wọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹ́ta lè pàdánù ọ̀sẹ̀ kan nínú ìyípo rẹ̀. Ẹ wá hostel nínú ọgbà, tàbí yàrá ní Mushin tàbí Surulere.

Fún ẹni tó fẹ́ eré ìdárayá

Kì í ṣe lẹ́yìn oyè lọ́mọ tó fẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá máa bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún kẹta, kó wá físíò tó ní ìwé àṣẹ tó ń bá ẹgbẹ́ kan ṣiṣẹ́, ní Teslim Balogun, ní Mobolaji Johnson Arena ní Onikan, tàbí ní Agege, kó sì bẹ̀ ẹ́ kó gba òun bí ọmọ ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ Lagos City Marathon, tó jẹ́ kìlómítà 42.195, wọ́n máa ń nílò ọwọ́ púpọ̀ ní ibi ìtọ́jú. NUGA náà wà, eré ìdárayá àwọn yunifásítì, UNILAG ló gbà á lálejò ní 2022. Kí ọmọ má ṣe dá tọ́jú ẹnikẹ́ni, kó má sì gba owó. Kò tíì ní ìwé àṣẹ, bí ohun kan bá sì ṣẹlẹ̀, òfin kò ní gbè é.

Ohun tó yẹ kó kọ́ nígbà náà: bí wọ́n ṣe ń fi téèpù líle onísẹ̀ǹtímítà 3.8 di ọrùn ẹsẹ̀ tó rọ́. Bí wọ́n ṣe ń fi yìnyín sórí ìpalára, ìṣẹ́jú 15 sí 20, pẹ̀lú aṣọ láàárín yìnyín àti awọ. Àti bí wọ́n ṣe ń mọ agbábọ́ọ̀lù tí orí rẹ̀ farapa. Ẹni tí orí rẹ̀ bá farapa kò gbọ́dọ̀ padà sórí pápá lọ́jọ́ náà, bó tiẹ̀ ní òun ti dára. Kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dákẹ́, 100 sí 120 ìtẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, kí àyà wọlé ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́fà. Red Cross ń kọ́ni. FIFA ní ẹ̀kọ́ ìṣègùn bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó sì ń fún ẹni tó bá parí ní ìwé ẹ̀rí. Lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ àti ìwé àṣẹ, dípúlómà ìgbìmọ̀ Olympic fún físíò eré ìdárayá wà, ọdún méjì ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà.

Fún ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò

Ìgbà tí ọmọ ń wọlé ni ó ti gbọ́dọ̀ mọ èyí, torí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìwé tí ẹ kò bá fi pamọ́ kò ní ṣeé rí mọ́. HCPC, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ físíò sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn tó ń yẹ ìwé wò ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó jẹ́ kí èèyàn jókòó fún NPTE, ìdánwò ìwé àṣẹ físíò níbẹ̀, tí 600 jẹ́ máàkì ìyege rẹ̀, kì í wo orúkọ oyè nìkan. Wọ́n ń béèrè ohun tí ọmọ kọ́ nínú kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, àti wákàtí mélòó tó lò pẹ̀lú aláìsàn, ní ẹ̀ka wo. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wákàtí ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n ń retí lára ọmọ ilé ìwé tiwọn.

Kí ọmọ gba ìwé ìtọ́sọ́nà ẹ̀ka rẹ̀ ní gbogbo ọdún, kó fi àpèjúwe gbogbo kọ́ọ̀sì pamọ́. Ìwé tó ń kọ wákàtí wọ́ọ̀dù sí, kó máa jẹ́ kí físíò tó ń bójú tó o fọwọ́ sí i ní ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ náà parí, kó má dúró de ìparí sáà, torí àwọn àgbà iṣẹ́ ń kúrò, ẹ̀dà ìwé ń ṣòfò nínú ọ́fíìsì. Kó máa ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti fọwọ́ sí, kó sì fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.